Nígbà Tí Ààbò Bá Fẹ́ Tán: Àwọn Ọ̀nà Tí Òfin Ìlú Ọba Ṣí Sílẹ̀

Ká ní o ń gbé ní Eastbury, ní Barking and Dagenham, lápá ìlà-oòrùn London, ládùúgbò tó gba orúkọ rẹ̀ lára ilé àtijọ́ Eastbury Manor tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1570. Ìyá rẹ gbé lẹ́tà Home Office kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi kà á. Ìgbà wo ni páálí mi máa tán?" O rí gbólóhùn kan níbẹ̀: "your leave will expire". Ohun tí o mọ̀ ni pé "leave" ni kúrò. O bá dá a lóhùn pé, "Mọ́mì, ó dà bíi pé wọ́n ní kí ẹ kúrò." Ìyá rẹ kò fojú kan oorun lóru ọjọ́ yẹn.

Kò sí ẹni tó ní kó kúrò. Nínú òfin ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "leave" túmọ̀ sí àṣẹ: àṣẹ láti wọlé, àṣẹ láti dúró. Ohun tí lẹ́tà náà sọ ni pé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò parí. "Àṣẹ yín máa parí" yàtọ̀ gan-an sí "ẹ máa lọ". Àárín méjèèjì ni òfin ti ṣí oríṣiríṣi ọ̀nà sílẹ̀.

Àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn ni a fẹ́ là yé ọ níbí, bí òfin ṣe rí ní ìparí ọdún 2025. Ìwọ tí o máa ń ka ìwé fún òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹbí ni a kọ ọ́ fún. Kò lè rọ́pò lọ́yà, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí o mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi lọ́yà. Bí o bá máa rántí ohun kan ṣoṣo, kó jẹ́ èyí: ọ̀nà tó wà níwájú ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kò tíì parí pọ̀ ju ti ẹni tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní òkèèrè lolójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ẹni tí ojú rẹ̀ jìn sínú gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹkún kí omijé tó lè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

IRÚ ÀÀBÒ WO NI WỌ́N FÚN UN?

Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ìdí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ń béèrè ààbò ní Ìlú Ọba kì í ṣe ọ̀kan. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣòwò ẹrú. Ẹlòmíràn ń sá kí wọ́n má baà dá abẹ́ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹlòmíràn sá fún apániláyà, tàbí fún òfin ọdún 2014 tó ń fi ẹ̀wọ̀n jẹ ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin. Bí ìdí ṣe yàtọ̀ ni àṣẹ tí wọ́n ń fún wọn náà yàtọ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí o máa wá nínú lẹ́tà ni orúkọ àṣẹ náà.

Ipò ogúnléndé, tí lẹ́tà ń pè ní "refugee status", wà fún ẹni tí wọ́n lè ṣe inúnibíni sí nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, èrò òṣèlú rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwùjọ tó wà. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 ló dá a sílẹ̀.

"Humanitarian protection" wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bọ́ sínú àdéhùn yẹn, ṣùgbọ́n tí ikú, ìyà burúkú tàbí ogun lè pàdé rẹ̀ bó bá padà sílé. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2003 ni ìjọba dá a sílẹ̀, òun àti "discretionary leave", láti rọ́pò àṣẹ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní "exceptional leave to remain". Ọdún 5 ni wọ́n sábà máa ń fún ogúnléndé àti ẹni tó ní humanitarian protection.

"Discretionary leave" kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù 30 ni wọ́n sábà máa ń fúnni, tí ẹni náà á sì tún kọ̀wé nígbà tó bá fẹ́ tán. Ẹni tí ìjọba gbà pé wọ́n fi ṣòwò ẹrú òde òní lè gba "temporary permission to stay", tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Òun náà kì í ju oṣù 30 lọ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n fi ṣòwò ló ń rí i gbà.

Ìyípadà ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Shabana Mahmood, mínísítà tó ń darí Home Office, kéde pé ìjọba fẹ́ sọ ààbò ogúnléndé di oṣù 30 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kó sì tó ọdún 20 kí ẹni náà tó lè gba àṣẹ aláìnígbèdéke. Nítorí èyí, ẹ wá ọjọ́ tí ẹni náà kọ́kọ́ béèrè ààbò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ bi yín, torí òun ló ń sọ bóyá ìlànà àtijọ́ tàbí tuntun ló kàn án.

ỌJỌ́ WO NI Ó MÁA PARÍ GAN-AN?

Má ṣe gba ọjọ́ tó wà lórí káàdì gbọ́. Ọ̀pọ̀ káàdì ìgbélùú tí Home Office ṣe ni wọ́n kọ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024 sí, bí àṣẹ ẹni tó ni ín tilẹ̀ ṣì ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta níwájú. Ìdí ni pé ìjọba ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú ohun tí wọ́n ń pè ní eVisa. Káàdì ló tán, àṣẹ kò tán. Ibi tí o ti máa rí ọjọ́ gidi ni lẹ́tà tí wọ́n fi fún un ní àṣẹ àti àkáǹtì UKVI rẹ̀. Bí kò bá tíì ṣí àkáǹtì náà, ẹ ṣí i, ọ̀fẹ́ ni. Bí ọjọ́ inú lẹ́tà àti ti eVisa bá ta kora, ẹ tètè kọ̀wé kí wọ́n tún un ṣe.

ABALA 3C: ÒFIN TÓ Ń DI ILẸ̀KÙN MÚ

Òfin Ìgbélùú ti ọdún 1971 ní abala kan tó ń jẹ́ 3C. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ wàhálà. Ó ní bí ẹnì kan bá kọ̀wé béèrè fún àṣẹ tuntun kí ti àtijọ́ tó parí, ti àtijọ́ yóò máa bá a lọ títí Home Office yóò fi dáhùn, bí ìdáhùn náà tilẹ̀ pẹ́ tó ọdún kan. Bí wọ́n bá kọ̀, tó sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àṣẹ náà ṣì wà títí àkókò ìpẹ̀jọ́ yóò fi kọjá tàbí tí ẹjọ́ yóò fi parí.

Wò ó báyìí. Ká ní àṣẹ ìyá kan parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà. Bó bá fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 13, ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, ó lè máa gbé ilé tó ń gbé, bó bá sì ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, kò dúró. Bó bá fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 15, ó ti di ẹni tí kò ní àṣẹ. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn. Òótọ́ ni pé Home Office lè gbójú fo ìwé tó pẹ́ tí kò ju ọjọ́ 14 lọ bí ìdí tó lágbára bá wà, bí àìsàn tó gbéni dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n ìgbójúfò yẹn kì í dá àṣẹ tó ti kú padà. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń retí èsì, ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyọsílẹ̀ kan wà fún ogúnléndé: ipò rẹ̀ kì í parẹ́ kìkì nítorí pé ọjọ́ kọjá. Síbẹ̀, agbanisíṣẹ́ àti onílé kò mọ èyí, ohun tí eVisa bá fi hàn ni wọ́n ń wò.

Nǹkan méjì tún wà nípa 3C tí àwọn ènìyàn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, bí ẹni náà bá jáde kúrò ní Ìlú Ọba nígbà tí ìwé rẹ̀ ṣì wà níwájú Home Office, 3C parí, ìwé ìbéèrè náà sì máa dà bí èyí tó fà sẹ́yìn. Bí òkú bá sùn ní Ìjẹ̀bú, ó dun ni, ṣùgbọ́n kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìkejì, agbanisíṣẹ́ lè sọ pé, "Páálí rẹ ti tán, má wá mọ́." Ẹ̀rù ló ń bà á, torí láti oṣù kejì ọdún 2024, ìtanràn ẹni tó gba òṣìṣẹ́ tí kò ní àṣẹ lè dé £45,000 lórí òṣìṣẹ́ kan fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé kó béèrè lọ́wọ́ Employer Checking Service ti Home Office. Bí 3C bá wà, wọ́n máa fún un ní ìwé ẹ̀rí tó lè fi gbà á síṣẹ́ fún oṣù 6 sí i. Onílé náà ní irú tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Landlord Checking Service.

ÀWỌN Ọ̀NÀ TÓ ṢÍ SÍLẸ̀

1. Àṣẹ aláìnígbèdéke lẹ́yìn ọdún 5 ààbò

Èyí ni ọ̀nà tó tọ́ jù fún ẹni tí wọ́n fún ní ọdún 5 gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé tàbí lábẹ́ humanitarian protection. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ìdánwò èdè, kò sí ìdánwò Life in the UK. Ẹ kọ̀wé láàárín ọjọ́ 28 tó ṣáájú ọjọ́ tí ọdún 5 yóò pé, kí ọjọ́ náà tó kọjá. Ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù mìíràn ní àṣìṣe lè san £3,029 fún ohun tí ì bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ti ààbò ni ẹ ń kọ.

Home Office yóò wò bóyá ó ti dá ọ̀ràn, wọ́n sì lè wò bóyá ewu tó sá fún ṣì wà. Ibẹ̀ ni ìrìn-àjò sílé ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ní òun kò lè padà sí Nàìjíríà, tó sì lọ ṣe Kérésì níbẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi í. Bó bá ti lọ rí, kó má fi pamọ́ fún lọ́yà.

2. Kí wọ́n fi kún àṣẹ oníkúkúrú

Ẹni tó ní discretionary leave tàbí àṣẹ àwọn tí wọ́n fi ṣòwò ẹrú lè béèrè fún òmíràn bí ìdí tí wọ́n fi fún un kò bá tíì yí padà: bó ṣì ń gba ìtọ́jú, tàbí bó ṣì ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ àwọn tó ṣòwò rẹ̀. Lẹ́tà dókítà àti ti ọlọ́pàá ṣe pàtàkì gan-an. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, ẹ béèrè fún un ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú.

3. Ìdílé

Bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ onílùú Ìlú Ọba tàbí ẹni tó ní àṣẹ aláìnígbèdéke, ó lè béèrè àṣẹ lórí ìgbéyàwó náà. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, £29,000 lọ́dún ni owó tí wọ́n ń wò fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́nà yìí. Bí owó kò bá pé, ọ̀nà kò tíì dí: bí ìṣòro tí kò ṣeé borí bá wà tí tọkọtaya bá lọ gbé ní ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ṣì lè fún un, àmọ́ yóò tó ọdún 10 kó tó dé àṣẹ aláìnígbèdéke.

Ọmọ náà lè jẹ́ ìdí. Bí òbí bá ń tọ́ ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí ọmọ tó ti gbé níbí fún ọdún 7 ó kéré tán, tí kò sì bójú mu kí wọ́n ní kí ọmọ náà kúrò, òbí lè gba àṣẹ oṣù 30. Ẹ kó lẹ́tà ilé ìwé, ti dókítà GP, àti ohunkóhun tó fi hàn pé ibí ni ìgbésí ayé ọmọ náà wà.

4. Ìgbésí ayé tí ènìyàn ti kọ́ síbí

Ìlànà yìí, tí wọ́n ń pè ní "private life", wo iye ọdún àti ọjọ́ orí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè béèrè bó bá ti gbé níbí fún ọdún 7. Bó bá jẹ́ pé ibí ni wọ́n ti bí i, ó lè gba àṣẹ aláìnígbèdéke lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 18 sí 24 lè béèrè bó bá ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ níbí. Àgbà tó ti lo ọdún 20 lè béèrè, ì báà jẹ́ pé kò ní àṣẹ ní apá kan nínú ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdènà ńlá wà fún un láti tún fìdí kalẹ̀ nílé.

5. Ọdún 10 pẹ̀lú àṣẹ

Ẹni tó bá ti gbé ní Ìlú Ọba fún ọdún 10 láìjẹ́ pé àṣẹ já láàárín lè béèrè àṣẹ aláìnígbèdéke. Ìgbà tó fi wà lábẹ́ 3C wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í ka ọdún tí wọ́n fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn kí wọ́n tó béèrè ààbò. Ẹ kà á, bí àṣẹ kò bá já.

6. Iṣẹ́

Ẹni tó ní humanitarian protection lè bọ́ sí àṣẹ Skilled Worker bí agbanisíṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì bá gbà á. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, iṣẹ́ tó ń béèrè ìmọ̀ tó tó ti yunifásítì ni wọ́n ń wò jù, £41,700 lọ́dún sì ni owó oṣù tí ọ̀pọ̀ gbọ́dọ̀ dé. Ẹni tí wọ́n fún ní discretionary leave níta ìlànà kò lè gba ọ̀nà yìí láti inú ìlú.

7. Àwọn ọmọ

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́tọ̀, ẹ má jẹ́ kó wà lábẹ́ òbí nìkan. Ọmọ tí wọ́n bí níbí kì í di ọmọ onílùú nítorí ibi tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n Òfin Ọmọ Onílùú ti ọdún 1981 ní bí òbí rẹ̀ bá gba àṣẹ aláìnígbèdéke kí ọmọ tó pé ọdún 18, wọ́n lè forúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Bí òbí kò bá sì gbà á rárá, ọmọ tí wọ́n bí níbí tó lo ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ níbí, tí kò kúrò ju ọjọ́ 90 lọ lọ́dún kan, ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. £1,214 ni owó rẹ̀, wọ́n sì lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìdílé tí kò ní.

8. Ẹ̀rí tuntun

Ẹni tí wọ́n ti kọ ààbò fún tẹ́lẹ̀ lè mú ohun tuntun wá bí nǹkan bá ti yí padà: ìkọlù tuntun nílùú rẹ̀, ìwé tí kò rí gbà nígbà yẹn, àyẹ̀wò dókítà. Wọ́n ń pè é ní "further submissions". Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọn kò tíì gbé yẹ̀ wò rí.

9. Pípadà sílé

Òmíràn lè fẹ́ padà fúnra rẹ̀. Ìjọba ní ètò kan fún un, Voluntary Returns Service, tó lè fi owó tó tó £3,000 ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, tó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, lè má lè gba fisà fún ọdún kan. Ẹni tí wọ́n bá fi ipá dá padà, ó lè tó ọdún 10. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ sí ìwé ìpadàsílé kí lọ́yà tó rí i.

OWÓ NÍGBÀ TÍ OWÓ KÒ SÍ

Lọ́nà ìdílé àti ìgbésí ayé níbí, owó fọ́ọ̀mù jẹ́ £1,321. Owó NHS jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbà, £776 fún ọmọdé. Fún oṣù 30, àgbà kan yóò san £3,908.50 lápapọ̀. Ẹlòmíràn á rí iye yìí, á sì dúró kí àjọ rẹ̀ tó kàn. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ti ń kọjá lórí rẹ̀. Ìyọ̀ǹda owó wà, "fee waiver". Bí ó bá béèrè ìyọ̀ǹda kí àṣẹ tó parí, tó sì fi fọ́ọ̀mù gidi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ́yìn èsì, wọ́n á kà á sí pé kò pẹ́. Yóò kó ìwé báńkì oṣù mélòó kan sílẹ̀, kó sì ṣàlàyé gbogbo owó tó wọlé, títí kan èyí tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́.

Ìdílé tó ní ọmọ tí kò ní ilé tàbí oúnjẹ lè lọ bá káńsù Barking and Dagenham lábẹ́ abala 17 nínú Òfin Ọmọdé ti ọdún 1989, bí wọn kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́.

BÍ WỌ́N BÁ KỌ̀

Kíkọ̀ kọ́ ni òpin. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti ààbò tàbí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹni náà sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ láti gbé e lọ sí First-tier Tribunal. Ọjọ́ 14 ló ní látìgbà tí wọ́n fi ìpinnu náà ránṣẹ́ sí i. Bí wọ́n bá gba ààbò tó ní lọ́wọ́ rẹ̀, tí lẹ́tà pè ní "revoke", ìyẹn náà ní ẹ̀tọ́ ẹjọ́. Fún àṣẹ iṣẹ́, kì í ṣe ilé ẹjọ́ ni, Home Office fúnra rẹ̀ ló ń tún un yẹ̀ wò. Ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà ìpinnu ló sábà máa ń sọ èyí tó kan ẹni náà, torí náà ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà.

TA NI KÍ Ẹ FI ÌWÉ HÀN?

Ní Ìlú Ọba, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ máa fi ìmọ̀ràn ìgbélùú ṣiṣẹ́. Òfin ọdún 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá tó ń báni kọ fọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìsìn lè jẹ́ ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ sí ọ̀nà tí kò tọ́, orúkọ ìyá rẹ ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ẹ máa gbé e fún gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà tó wà lábẹ́ òfin àwọn lọ́yà, tàbí olùgbaninímọ̀ràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tó ń jẹ́ OISC títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ipele mẹ́ta ló wà. Ẹni tó wà ní ipele 1 kò gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀ràn ààbò, ipele 2 lè ṣe é, ipele 3 lè gbé e dé ilé ẹjọ́. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá a kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ìjọba ṣì ń sanwó lọ́yà fún ọ̀ràn ààbò bí ẹni náà kò bá ní. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013, kò sanwó fún ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ìdílé mọ́, àfi bí lọ́yà bá béèrè fún "exceptional case funding". Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààràtà.

Ní àyíká Eastbury, Citizens Advice lè tọ́ yín sọ́nà sí ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Bí ìwé bá pẹ́ jù lọ́dọ̀ Home Office, MP àdúgbò lè kọ̀wé béèrè ibi tó dé. MP kò lè ṣe ìpinnu fún wọn.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ INÚ LẸ́TÀ

Leave to remain: àṣẹ láti dúró. Má ṣe túmọ̀ "leave" sí kúrò.

Indefinite leave, settlement: àṣẹ aláìnígbèdéke. Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ pé, "Ó ti gba indefinite."

Expire: parí, tán. Kì í ṣe "fagi lé".

Revoke: gbà padà, fagi lé. Èyí yàtọ̀ sí expire: ẹnì kan ló ṣe é, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Refuse: kọ̀. "Wọ́n kọ ìbéèrè yín", kì í ṣe "wọ́n kọ̀ yín".

Appeal: pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Overstay: gbé kọjá ọjọ́ àṣẹ.

Dependant: ẹni tó wà lábẹ́ ẹlòmíràn nínú ìwé, bí ọmọ tàbí aya.

No recourse to public funds: kò sí ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ilé ìwé ọmọ kò sí lára rẹ̀.

May àti must: "may" ni lè, "must" ni gbọ́dọ̀. Bí o bá fi ọ̀kan ṣe èkejì, ìtumọ̀ lẹ́tà yí padà pátápátá.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE LÁLẸ́ ÒNÍ

Padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ pẹ̀lú lẹ́tà yẹn. Jókòó tì í. Sọ fún un pé, "Mọ́mì, mo ṣì í kà lánàá. Wọn ò ní kí ẹ lọ. Àṣẹ yín ló máa parí, a sì ní àkókò láti kọ̀wé kó tó parí." Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí i: orúkọ àṣẹ náà, ọjọ́ tó béèrè ààbò, ọjọ́ tí àṣẹ máa parí, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ Ìlú Ọba, àti ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti bí i. Nǹkan márùn-ún yìí ni lọ́yà yóò fi mọ ọ̀nà tó ṣí. Ka ọjọ́ tó kù, fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀ fún ìwé tó ń pẹ́, kí o sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa rí lọ́yà sára fíríìjì, níbi tí gbogbo ilé á ti máa rí i.